Ajá Tó Ń Jẹ́ Ẹfisílẹ̀

Ọdún méjìdínlógún ni dókítà ẹran kan ti ń ṣiṣẹ́, òfin kan ṣoṣo ló sì dì mú: ẹni tó lẹ́ran ló láṣẹ. Bí onítọ̀hún bá ti ní ó tó, kí dókítà gbọ́wọ́ kúrò. Ó ti fìgbà kan tẹ ewúrẹ́ kan láyà títí, tí ẹni tó ni ín fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òkú sinmi. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tán lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan sáré gbé ajá wọlé. Egungun ti há a lọ́fun. Dókítà yọ egungun náà, ṣùgbọ́n ọkàn ajá ti dúró. Ó mú kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí tábìlì, ó gbọ́wọ́ lé ọwọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Nọ́ọ̀sì ń kà. Bó bá ti pé ọgbọ̀n, nọ́ọ̀sì á pa ẹnu ajá dé, á fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà dúró ti ògiri, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó yá, ó figbe ta: "Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ fi sílẹ̀!"

Dókítà gbọ́wọ́ kúrò. Ó wo aago, kó lè kọ ìgbà tí ajá kú.

"Kí lẹ dúró fún?" ìyá àgbà bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká fi sílẹ̀, Màmá."

"Ajá ni mò ń pè. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì kọjú sógiri, ó ń fi ẹ̀rín pamọ́. Dókítà ti dáwọ́ padà, ó ń tẹ̀.

"Àwọn àbúrò ọkọ mi ni mo fi orúkọ náà ń bá wí," ìyá àgbà ṣàlàyé. "Wọn ò yé dá sọ́rọ̀ ilé mi. Bí mo bá ti ń pe ajá, wọ́n á gbọ́ tiwọn."

"Ṣé wọ́n wá fi sílẹ̀?" nọ́ọ̀sì béèrè, láàárín mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún.

"Wọ́n fi sílẹ̀ kẹ̀? Ajá nìkan ló ń dá mi lóhùn."

"Ẹ máa pè é nígbà náà, Màmá," ni dókítà wí. "Mi ò ní gbọ́."

Ó ń pè, dókítà ń tẹ̀. Òógùn dókítà ń kán sára ajá. Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì fìka wá ìlù ọkàn ajá nínú itan rẹ̀.

"Ó ń lù."

Ajá mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún mí. Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án níhà, ajá ké.

"Dókítà, ẹ ti ṣẹ́ ẹ légungun ìhà."

"Ó ṣeé ṣe, Màmá."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ ò mọ̀wọ̀n."

Dókítà bẹ̀ ẹ́. Ìbáwí kankan kò tíì dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.