Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rin Gbẹ́nàgbẹ́nà

Àwọn tó ń polówó fíìmù, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń wo ohun tí wọ́n ń polówó! Bí wọ́n bá ní ẹ̀rín ni, ẹkún lẹ máa bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìjà ni, àwọn èèyàn kan á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa kọjá àwàdà.

Wọ́n wá ya fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Wọ́n ní kó ju pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó pariwo pé, "Ẹ sá o!" Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, pákó já lù ú lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìpolówó fíìmù náà jáde sórí fóònù, òun rèé láàárín rẹ̀, ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì, orin ń dún gbì-gbì lẹ́yìn rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, àmọ́ inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra. Ẹni tó bá gbé àga wá fún àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó.

Ẹnì kan ló wù ú jù kó rí i: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Láti ọjọ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti sá kúrò nílé ìwé lọ kọ́ iṣẹ́ igi, ẹ̀gbọ́n yìí ò pè é ní àbúrò lójú èèyàn mọ́. "Onípákó" ló ń pè é, bíi pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ti he é. Ó ti tó ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun ọkùnrin náà wọra.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí mi lórí fóònù?"

"Onípákó, èmi ò ráyè irú ìranù bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó ní sinimá."

Ẹ̀gbọ́n kùn títí, àmọ́ ó wọ kóòtù, ó sì tẹ̀lé e.

Wákàtí kan kọjá tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù kankan nínú rẹ̀. Obìnrin kan ló ń sunkún nínú ọkọ̀. Ó sunkún délé, ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń wí ṣáá.

Kò pẹ́, orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, iná sì tàn. Wọ́n ti gé e kúrò pátápátá, àtòun àti pákó. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ìbá kó sí i. Ó doríkodò, ó ń retí kí wọ́n pè é ní Onípákó lójú gbogbo èrò.

Nígbà tó máa gbójú sókè, àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣófo. Ohùn tí ọkùnrin náà fi máa ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ ló ń dún níta. Gbẹ́nàgbẹ́nà sáré jáde, ó bá a níwájú ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n na fóònù sí ọmọbìnrin náà. Fóònù ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni, ìpolówó náà sì ti wà ní ìpamọ́ lórí rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Bàbá, n ò mọ̀ ọ́n o."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ wá ń fi ojú ẹ̀ pe èrò? Àbúrò mi nìyẹn! Ọmọ ìyá mi! Ibo lẹ gbé e sí?"

"Ẹ má bínú, sà. Àwa kọ́ la gé e."

"Ẹ pe ẹni tó gé e wá!"

Gbẹ́nàgbẹ́nà di apá kóòtù rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Àmọ́ kò fà á rárá, torí ó fẹ́ tún un gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, kò sẹ́ni tí bàbá yìí ò dá dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹ má wulẹ̀ lọ wo fíìmù yẹn o," ló ń sọ fún wọn. "Àbúrò mi ò sí níbẹ̀."