Agogo tí Oyèmọ́lá Fà Lọ́jọ́ Omíyalé

Ìyàwó ọmọ mi ni Oyèmọ́lá. Tíṣà ni, ìsàlẹ̀ Òkè-Ìlá lẹ́bàá odò la jọ ń gbé. Bó bá ní kí ewúrẹ́ tò sórí ìlà, ewúrẹ́ á tò. Láti ìgbà tí omi ti gbé ọgọ́rùn-ún adìẹ mi lọ léṣìí (ó dáa, mẹ́ta ni), kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi mọ́. Ó kọ́ wa pé bí odò bá fẹ́ kún, òun á lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì lókè. Kí oníkálùkù gbé báàgì tó ti dì sílẹ̀, ìwé ilé, oògùn àti gàrí, kó máa gòkè. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà sísàlẹ̀.

Òjò ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, odò ti ń bú bí akọ màlúù. Oyèmọ́lá sáré gòkè, ó di okùn agogo mú. Okùn ti mumi yó, ó wúwo, kò ṣe é fà kíákíá. Ni agogo bá ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan: gbòóò... gbòóò...

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lù ú ní ìjọ wa bí àgbà bá kú. Àgbà wo ló sì ń ṣàìsàn? Èmi ni! Ikọ́ ti dá mi dùbúlẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo gbọ́ ẹkún lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò ti sọ̀ kalẹ̀ wá ṣọ̀fọ̀ mi. Olúwarótìmí káfíńtà tiẹ̀ mú téèpù ìwọ̀n dání.

Mo ṣílẹ̀kùn. "Ta ló kú?"

"Yéè! Bàbá!" Ìyá Ṣèyítán fẹ́ẹ̀ ṣubú.

"Ẹ̀yin lẹ máa kú! Ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"

Wọ́n wolẹ̀. Omi ti ń gun ojúgun wọn bọ̀ wá sí orúnkún. Oyèmọ́lá náà ń sáré bọ̀ látòkè, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há: "Kò sẹ́ni tó kú o! Omi ni! Ẹ jáde nínú ulé!"

Rótìmí gbé mi pọ̀n.

"Bàbá, ẹ wúwo ju òkú lọ."

"Pa ẹnu dé, máa rìn."

A ò tíì rìn jìnnà tí ògiri ilé mi wó lẹ́yìn wa, gbàgà! Èyí ò ní àbùmọ́ kankan.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti bá Kúdírát aránṣọ, ará Òṣogbo, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, báàgì lórí itan. Mùsùlùmí ni, kò mọ agogo òkú.

"Ó ti pẹ́ tí mo dé," ó ní. "Ṣé ẹ ò gbọ́ agogo ni?"

Oyèmọ́lá ń pe orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ilé tó kẹ́yìn jẹ́ ẹ lóhùn ló tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bú sẹ́kún.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ní Sátidé, a máa tún ẹ̀kọ́ omíyalé yìí kọ́. Fèrè rẹfirí bọ́ọ̀lù la máa lò. Wọn kì í fi fèrè rẹfirí túfọ̀ ẹnikẹ́ni."

Rótìmí bojú wò mí. "Tíṣà, bó bá jẹ́ Bàbá yìí ni, a lè fọn ún."