Lọ Gbin Tìrẹ

Nígbà tí wọ́n ń mú títì Ẹ̀pẹ́ fẹ̀ sí i, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mò ń tà ní Ajah. Ọwọ́ ìyá àgbà kan tó ń dáko ní Lákọ̀wé ni mo ti ń rà á. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbẹ. Bí mo bá rà tán, màá tún fa ìdì kan yọ, màá ní èènì mi nìyẹn.

"Ìyá, ẹ̀fọ́ tó ń hù fúnra rẹ̀! Kí lẹ ṣe sí i?"

Lọ́jọ́ kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Fúnra rẹ̀, àbí? Ó dáa. Lọ gbin tìrẹ."

Ẹ̀rín pa mí. Mo délé, mo fọ́n irúgbìn sẹ́yìn yàrá mi. Iyanrìn funfun tí wọ́n fi dí irà ni gbogbo ilẹ̀ ilé wa, èmi sì rò pé ilẹ̀ kan ò ju ilẹ̀ kan lọ. Ẹ̀fọ́ hù, ó pọ́n, ó kú. Mo padà lọ jẹ́wọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ìró wọn fi tú.

"Wá ìgbẹ́ adìẹ, jẹ́ kó jẹrà dáadáa kó má baà jó ẹ̀fọ́, kí o pò ó mọ́ iyanrìn. Bomi rin ẹ̀fọ́ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Kòkòrò jẹ ìdajì, ìdajì yòókù tutù yọ̀yọ̀. Àtìgbà náà lọwọ́ mi ò ti nà sí ìdì ìyá mọ́.

Ni lánlọ́ọ̀dù mi bá dé. "Fa ẹ̀fọ́ yìí tu kó tó di Sátidé. Òdòdó ni mo fẹ́ níbẹ̀, kílé mi lè jọ ti Lẹ́kkí."

"Bàbá, ṣé òdòdó lẹ ó fi jẹ ẹ̀bà?"

"Ta ló nilẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo wú ẹ̀fọ́ mi tòun ti erùpẹ̀ tó ti mu ìgbẹ́ adìẹ, mo kó o sínú àpò ìrẹsì, mo tò ó sórí bàráńdà tí mò ń sanwó rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, Bàbá bá ilẹ̀ wọn bó ṣe wà: iyanrìn funfun.

"Ilẹ̀ yín rèé, Bàbá. Àpò ni tèmi."

Òdòdó tí wọ́n gbìn ò pẹ́ kú. Iyanrìn ò mọ lánlọ́ọ̀dù.

Ìgbà tó yá, lánlọ́ọ̀dù náà wá ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú ìdì méjì, ọwọ́ wọn tún ń lọ síbi ẹ̀kẹta.

"Èènì mi ńkọ́?"

Mo gbá ọwọ́ náà dànù.

"Bàbá, ẹ lọ gbin tiyín."