Fèrè Ọkọ̀ Símẹ́ńtì ní Òkè Ọ̀kà

Ní àárọ̀ àná, tìpá kan ń gun òkè bọ̀ ní àdúgbò wa ní Ọ̀kà, ó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ lọ fún aládùúgbò wa tó ń kọ́lé. Kó tó dé orí òkè ni dírẹ́bà ti tẹ fèrè, ó sì fà á gùn bí ẹni ń pe gbogbo ìlú síta. Àwọn ọmọ-ọmọ mi di etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, n kò sì sunkún. Mo fi ọwọ́ kan òkúta tí mo jókòó lé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí fèrè jẹ́ láyé ọjọ́un. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà, Ìkàrẹ́ la sì ń gbé, nínú yàrá kan tí a háyà lẹ́bàá ọjà, níbi tí bàbá mi ti ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀kà ni. Nínú agboolé wa, ọkọ̀ tó bá gbé símẹ́ńtì àkọ́kọ́ wá fún onílé tuntun gbọ́dọ̀ fun fèrè láti ìwọ̀lú títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ilé á bu omi tútù jáde, wọ́n á wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ táyà, wọ́n á máa ki onílé. Ilé tí wọn kò bá fun fèrè fún, àwọn àgbà á ní ńṣe ni wọ́n jí i kọ́.

Bàbá mi ń kọ́lé sí Ọ̀kà, ìyá mi sì ni ọ̀rọ̀ ilé náà ká lára jù. Ògiri yàrá wa ní Ìkàrẹ́ máa ń rin lásìkò òjò, ikọ́ kò sì jẹ́ kí ìyá mi gbádùn. Ohun tó ń tọrọ lẹ́yìn gbogbo ìrun ni kí òjò mìíràn má bá òun níbẹ̀. Ògiri alámọ̀ ti dúró ní Ọ̀kà, páànù ti wà lórí rẹ̀. Símẹ́ńtì tí wọn yóò fi rẹ́ ẹ ló kù.

Ọkọ̀ méjì la rí tí a lè háyà. Ọ̀kan ni katakata àgbẹ̀ kan, ará Ọ̀bà, tó ń fa tìrélà kékeré lẹ́yìn. Iṣu ló máa ń kó. Ó ń rìn bí ìyá arúgbó tó ń lọ sódò, ṣùgbọ́n kò sí òkè tí kì í gùn. Fèrè ni kò ní. Èkejì ni lọ́rì ńlá kan tí wọ́n kùn ní pupa, tí fèrè rẹ̀ ń dún bí orin. Bàbá mi yí àwọn méjèèjì po ní gáréèjì, ó ń fi ìka kan táyà wọn bí ọ̀gá mẹkáníìkì, òun tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló mọ̀ ọ́n wà.

"Bàbá Síkírù, ẹ jẹ́ á gba katakata," ni ìyá mi wí. Síkírù ni ẹ̀gbọ́n mi. "Ó mọ òkè. Òjò sì ti ń ṣú."

"Kí àwọn ará ilé lè rò pé iṣu ni mo kó dé? Ìyá Síkírù, ilé rẹ kò ní wọ̀lú bí olè."

Ìyá mi kò jiyàn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rò pé òun náà fẹ́ gbọ́ fèrè yẹn.

Lọ́rì fun fèrè láti ìwọ̀lú lóòótọ́. Àwọn obìnrin ilé ti tò sórí òkè. Àárín òkè ni lọ́rì kérora, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ọmọ ọkọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó ki igi bọ ẹ̀yìn táyà. Wọ́n gbìyànjú títí, ẹrù wúwo jù. Dírẹ́bà sọ ẹrù kalẹ̀ sísàlẹ̀ òkè, ó ká tapólì tó fi bo ẹrù, ó lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí òjò fi dé. Àwọn obìnrin ilé sáré sọ̀kalẹ̀ wá ràn wá lọ́wọ́, àwọn kan ṣì gbé igbá omi dání nínú òjò. Ìyá mi bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo símẹ́ńtì. Àpò kan ṣoṣo ló bò.

Gbogbo símẹ́ńtì náà ló gan di òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìrísí àpò rẹ̀. A padà sí Ìkàrẹ́, bàbá mi ń ránṣọ lọ. Òjò bá ìyá mi nínú yàrá yẹn, kò sì rí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e. Mo ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi. Mo ṣa ẹ̀wà náà tán.

Ìgbà tó pẹ́ ni bàbá mi tó ra símẹ́ńtì mìíràn. Katakata ló gbé e gòkè, ẹnikẹ́ni kò sì bu omi. Ó ní kí wọ́n gbé àwọn èyí tó ti gan náà gòkè, ó tò wọ́n síwájú ilé bí àga. Orí ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí láàárọ̀ àná. Bàbá mi máa ń sọ pé èyí tí ìborùn bò nìyẹn. N kò mọ bó ṣe dá a mọ̀.

Wọ́n ti da ọ̀dà sí òkè náà báyìí, kò sí ọkọ̀ tí kò lè gùn ún. Àwọn dírẹ́bà ṣì ń fun fèrè, bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí tìpá àná dúró, mo pe àwọn ọmọ-ọmọ mi, mo ní kí wọ́n bu omi tútù lọ wọ́n sí ẹsẹ̀ táyà tìpá yẹn.

"Màmá àgbà, nítorí kí ni?"

Mo ní ilé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ni.