Ọwọ́ Bàbá Mi àti Ẹnu Mi

Ní nǹkan bí ọdún 1975, ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àbúrò rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìgbòho láti bá a ta aṣọ ní ọjà Adjamé Roxy, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ọjà, yọ ọ́ kúrò nídìí àwo tí wọ́n jọ ń jẹ. Ó ní ọbẹ̀ ń ta sí òun láṣọ. Ó bu oúnjẹ bàbá sọ́tọ̀ sínú abọ́ kékeré bíi ti ọmọ ọwọ́. Bàbá kì í fi ọwọ́ òsì jẹun, nítorí náà ìdajì ń wọnú, ìdajì ń dà sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kó padà sídìí àwo náà.

Mi ò ka bàbá kékeré yìí kún èèyàn. Kò gbọ́ Faransé, kò mọ ìwé, aṣọ nìkan ló mọ̀ ọ́n wọ̀n. Èmi ń tajà nílé oògùn ní àdúgbò Treichville, mo sì máa ń gbé imú sókè bí mo bá ń kọjá lára rẹ̀.

Dókítà fún bàbá ní oògùn tuntun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ rọlẹ̀, ó mu tíì láìdà á sílẹ̀. Àmọ́ oògùn náà ń mú un bì. Bàbá kékeré ní ká padà lọ sọ fún dókítà.

Mo rẹ́rìn-ín sí i. "Bàbá, ẹ máa wọn aṣọ yín. Les médicaments, c'est mon affaire." Mo mọ̀ pé kò ní yé e pé mo ní iṣẹ́ tèmi ni ọ̀rọ̀ oògùn.

Mo mú oògùn èébì wá láti ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ka iye ìgbà tó máa lò ó lójúmọ́ nínú bébà rẹ̀, mo sì ju bébà náà nù. Èébì dá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ gan, tí bàbá ò lè dìde lórí ẹní ìkírun mọ́. Bàbá kékeré ló pọ̀n ọ́n dé ọsibítù.

Dókítà wo páálí oògùn èébì náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ibì kan wà nínú ọpọlọ tí oògùn ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Oògùn tèmi ti lọ jókòó síbẹ̀, kò ṣiṣẹ́, kò sì dìde fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́.

"Qui lui a donné ça?" Dókítà fi Faransé béèrè ẹni tó fún bàbá ní oògùn náà.

"Kí ló ń bi wá?" Bàbá kékeré ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ó ní ìbànújẹ́ ló fà á. Ó ní abọ́ tí ẹ bù sọ́tọ̀ fún un ni."

Àgbàlagbà yẹn bú sẹ́kún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní láti òní lọ àwo kan náà làwọn á jọ máa jẹ, kí ọbẹ̀ ta sí òun lójú.

Bàbá mi ti ń fi Faransé ná ọjà kí wọ́n tó bí mi. Ó gbé àbúrò rẹ̀ dìde pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí, bí èmi náà ṣe máa ń wo bàbá kékeré.