Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Fara Dà

Nínú ilé wa, àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ràn mọ́tò, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ ra ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀wáyà ló ń ṣe ní Òṣogbo, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe fún àwọn onímọ́tò. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ bákan náà, mo sì ń ti Ìlobù lọ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tí mo rà kì í ṣe tuntun. Ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, rímù irin dúdú ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wá fi ike bò ó lójú. Kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá wa ti ṣaláìsí tipẹ́. Bàbá wa ló kù, inú ilé rẹ̀ ní Ìlobù ni mo sì ń gbé. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, iṣu àti àgbàdo ló ń kó láti agbègbè wa lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Kò sùn sílé púpọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, tí a rò pé a ó máa rí i jókòó, àìsàn dé. Dókítà sọ fún mi pé àrùn tó bẹ̀rẹ̀ níbi ìtọ̀ rẹ̀ ti wọ inú eegun ẹ̀yìn. Ó ní kí n máa gbé e wá sí ọsibítù ní Òṣogbo ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa yọ̀ǹda ọjọ́ náà fún mi. Mo to ìrọ̀rí mẹ́ta sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, àbúrò mi ní òun fẹ́ tún iná ọkọ̀ mi ṣe. Ó gbé e lọ láàárọ̀. Nígbà tó gbé e dé ní ìrọ̀lẹ́, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ mi ni. Ó ti bọ́ rímù dúdú kúrò, ó ti fi rímù ńláńlá tó ń dán bíi fàdákà sí i. Wọ́n tóbi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ihò ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, táyà tó yí wọn ká kò sì nípọn ju ìka mẹ́ta lọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tó ń gbé Bàbá lọ sí ọsibítù kò gbọdọ̀ dà bí ọkọ̀ ẹni tí kò lẹ́nì kan. Mo ti ń fi owó pamọ́ fún un láti oṣù mẹ́rin.”

Bàbá ní kí a gbé àga òun síta. Ó wo ọkọ̀ náà, ó wo àbúrò mi, ó sì ṣe àdúà gígùn fún un. Inú àbúrò mi dùn débi pé kò lè dúró lójú kan.

Inú èmi náà dùn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń tọ́ka sí mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọkọ̀ náà ti yí padà. Bí mo bá tẹ iná láti gun òkè, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ó ń ronú kó tó lọ. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ó máa ń sún kọjá ibi tí mo ti fẹ́ kó dúró. Kòtò kékeré tí a ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀ láìfura wá ń dún gbì lábẹ́ wa. Mo rò pé ẹ́ńjìnì ló ń darúgbó, mo sì rò pé òjò ló túbọ̀ ba ọ̀nà jẹ́.

Ní ti Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké “Hasbunallahu wa ni‘mal wakil”, Ọlọ́hun ti tó wa, bí a bá ti ń kúrò nílé. Mo rò pé àdúà ìrìn àjò ni. Ọjọ́bọ̀ kan ni mo wo dígí, mo rí i pé ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú gírígírí, òógùn bo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ṣé kí n dúró.

Ó ní, “Máa lọ. Ọ̀nà ni.”

Nígbà tí a délé, mo gba fìlà rẹ̀ kí n lè gbé e kọ́. Ó tutù létí kan, aṣọ ibẹ̀ sì ti rún. Mo dì í mú díẹ̀ kó tó yé mi pé ńṣe ló ń fi eyín dì í mú lójú ọ̀nà kí n má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi sọ ọmọ lórúkọ ní Ìfọ́n. Bí mo ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀, táyà iwájú kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin ni mo bá níbẹ̀, yóò tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ró ìró lé ṣòkòtò. Ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ rẹ̀, òun ló gba iṣẹ́ náà ṣe, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó bọ́ ẹsẹ̀ náà. Kò tí ì wo ibi tó ń jò tó fi dúró, tó sì tún ẹsẹ̀ náà gbé wò.

Ó ní, “Ta ló ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ yìí?”

Mo ní, “Bàbá mi ni, mà. Ara wọn ò yá. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.”

Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀ níwájú mi. “Gbé e.”

Mo gbé e, kò ga ju orúnkún mi lọ tí mo fi gbé e sílẹ̀. Ó wọ inú ìsọ̀ rẹ̀, ó mú òmíràn jáde, èyí tó kéré, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ọwọ́ kan ló fi mú un. Táyà tó wà lára rẹ̀ nípọn dáadáa. Ó ní kí n gbé ìyẹn náà. Mo gbé e dé àyà láìlo agbára.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n èyí tó ń dán yìí, wọ́n ní òun ló fúyẹ́.”

“Gbogbo ohun tó ń dán kọ́ ló fúyẹ́, ọmọ mi. Èyí tí o gbé wá yìí, nítorí ojú ni wọ́n ṣe é. Ó tóbi, ó sì wúwo ju irin tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ lọ.” Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan. “Ṣé o ti rìn nínú ẹrẹ̀ rí, tí amọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ ní bàtà? Wàá tiraka kí o tó gbẹ́sẹ̀. Bí o bá sì ti ń sáré, ó máa nira kí o tó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ṣe rí. Ẹrù tó wà nínú ọkọ̀, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé e. Àmọ́ ẹsẹ̀ wà lábẹ́ wọn. Bí ẹsẹ̀ tó wúwo bá ta sókè nínú kòtò, ṣọ́ọ̀kì ò ní lè tètè mú un. Ẹni tó jókòó lókè ló máa jẹ ẹ́. Èyí tó fúyẹ́ á kó sí kòtò, á jáde, ara ọkọ̀ ò ní mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Táyà tìrẹ yìí kò tún wá lẹ́ran lára. Irin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn lórí títì.”

Ó ní òun ní mẹ́rin irú èyí tó fúyẹ́ náà, ara ọkọ̀ kan tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti bọ́ wọn. Mo ní kó bá mi tọ́jú wọn. Ojú àbúrò mi ni mo ń rò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mo fún Bàbá ní oògùn, mo sọ fún un ohun tí obìnrin náà sọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí.

Ó ní, “Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi tí mo wa ọkọ̀ láti ìgbà èwe mi, ṣé mi ò ní mọ ẹsẹ̀ tó wúwo?”

“Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

“Ìwọ lò ń se oúnjẹ mi. Ìwọ lò ń fún mi lóògùn, ìwọ lò ń gbé mi lọ, gbé mi bọ̀. Kí ni àbúrò rẹ rí ṣe? Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ló ṣe. Bí mo bá wá ní ó ń dùn mí, kí ló kù fún un? Má sọ fún un.”

Mi ò lè ṣàìgbọ́ràn sí i, mi ò sì lè tún wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Nígbẹ̀yìn, mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ní kó bá wa lọ sí ọsibítù ní Ọjọ́bọ̀, kó jókòó ti Bàbá lẹ́yìn. Mi ò sọ nǹkan mìíràn fún un. Mo mọ̀ pé mo fọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ Bàbá po, ó sì ń dùn mí títí di òní pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é.

Àbúrò mi gbé orí Bàbá lé itan rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, Bàbá sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí a dé ibi tí títì ti bàjẹ́, mo rọra wà á, síbẹ̀ ọkọ̀ náà dún gbì, ó tún dún gbì. Ọ̀rọ̀ dáwọ́ dúró lẹ́yìn mi. Mo wo dígí. Bàbá ti di àbúrò mi mú lọ́rùn ọwọ́, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Àbúrò mi ń wo ọwọ́ tó dì í mú náà.

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé Bàbá wọlé, àbúrò mi lóṣòó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà nínú ọgbà ọsibítù. Ó fi ọwọ́ kan táyà, ó fi ọwọ́ kan rímù.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀.”

“Bàbá ńkọ́?”

“Àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ.”

Ó sunkún níbẹ̀, níṣojú àwọn tó ń kọjá. Mo dúró tì í.

Nígbà tí a gbé Bàbá délé, àbúrò mi fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìfọ́n, mo sì tẹ̀ lé e. Kò jẹ́ kí obìnrin náà tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Òun ló tú gbogbo wọn. Bó ṣe ń gbé rímù ńlá kan kalẹ̀ ló ń gbé kékeré kan sípò rẹ̀. Obìnrin náà wo afẹ́fẹ́ inú táyà kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a má fún un jù nítorí afẹ́fẹ́ tó le koko lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ó tún kìlọ̀ fún wa pé irin máa ń tẹ̀ nínú kòtò, wọ́n á sì lù ú padà, ṣùgbọ́n irú èyí tó fúyẹ́ yìí, tí kì í ṣe irin, lè sán. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Lóṣù kejì, ọ̀kan sán nínú kòtò tí omi bò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi jó o pọ̀, ó kọ̀, ó ní ojú lásán la máa tún ṣe. Ó wá òmíràn fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí a pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà, bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan ibi ìtẹná báyìí ni ọkọ̀ gun òkè. Bí mo tẹ bíréèkì, ó dúró níbi tí mo fẹ́. Ọwọ́ ọkọ̀ rọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn kòtò wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, a sì ń mọ̀ pé a wọ inú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò nà wá mọ́. Mi ò gbọ́ Hasbunallahu. Ẹ̀rù bà mí, mo wẹ̀yìn. Bàbá ti sùn.

Kì í ṣe pé ìrora tán. Àìsàn náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ṣe, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé, kò sídìí láti máa dààmú rẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ní òun fẹ́ jókòó níwájú. A tẹ́ àga náà sẹ́yìn díẹ̀, a fi ìrọ̀rí tì í. Ó ń wo ojú títì ní gbogbo ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Gíá kẹta, má fipá mú un.” Mo yí i sí ẹ̀kẹta.

Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló kú, nínú yàrá rẹ̀, àwa méjèèjì wà níbẹ̀. Àbúrò mi wà lára àwọn ọkùnrin tó wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Ó pẹ́ kó tó lè bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n yí Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bu omi sí i lẹ́yìn, òun wá gbogbo ẹ̀yìn náà bóyá òun á rí àpá ohun tó ń dùn ún. Kò sí àpá kankan. Ó ní ẹ̀yìn náà jọ̀lọ̀ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin.