Orí Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Mọ́pẹ́ Akíntáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Irun ló fi ọdún mẹ́tàlélógún dì ní Third Ward, ní Houston. Aya mi ni. Ìyá Bíọ́lá ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ayọ̀délé, àbíkẹ́yìn wa, ṣe ṣọ́jà fún ọdún mẹ́rin. Ó padà wálé láìfarapa. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ wọn níṣẹ́ ogun, oúnjẹ wà, omi wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè pé, "Ṣé o ti jẹun?" Láti ọjọ́ náà ni Mọ́pẹ́ ti ń yọ ìjọ wa lẹ́nu pé kí wọ́n rán òun lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ páìpù ní Pasadena, wọ́n gbà. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì lọ fún oṣù mẹ́ta, ká máa kọ́ àwọn ṣọ́jà ní Bíbélì. Bó bá dára, wọn yóò fi ọdún kan kún un. Mọ́pẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, a lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni oṣù mẹ́ta pé. A wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́wàá padà sí Houston, a jókòó síwájú àwọn alàgbà ìjọ. Mọ́pẹ́ kò jẹun láàárọ̀. Ọdún kan yẹn ló ń rò.

Alàgbà Ọlákúnlé, tó jẹ́ alága, mú fọ́ọ̀mù tí mo kọ ránṣẹ́ dání.

"Bàbá Bíọ́lá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹni mẹ́rin. Irun, orí mọ́kànlélọ́gọ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Màmá Olúwafúnmiláyọ̀, olórí àwọn obìnrin ìjọ, pàtẹ́wọ́. "Ìyá Bíọ́lá! A ní kí ẹ lọ wàásù, ẹ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù! Ẹ̀ka ti Third Ward ni, àbí?"

Mọ́pẹ́ yíjú sí mi. "Ṣé ẹ ò lè kọ ọ́ lọ́nà mìíràn ni?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Alàgbà ní kí Mọ́pẹ́ sọ tẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní yàrá kan ni wọ́n fún wa ní bárékè, a to ogún àga síbẹ̀, a gbé bisikíìtì kalẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ amúlétutù ló fa mẹ́ta wá.

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́?"

"Ilé ìyàgbẹ́ ló ń wá, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní lẹ́yìn náà ni Hafsah dé. Ṣọ́jà ni, ọmọ ogún ọdún. Houston níbí ni wọ́n bí i sí, Mùsùlùmí sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ń kọjá lọ ló gbọ́ tí Mọ́pẹ́ ń bá mi jà ní Yorùbá nítorí ìgò omi tí mo gbàgbé sínú oòrùn. Ó yọjú.

"Ẹ kú oòrùn, mà. Ẹ̀ ń bínú bí mummy mi. Ṣé ẹ mọ irun dì?"

Òfin ṣọ́jà ni pé irun gbọ́dọ̀ wà létòlétò. Kò sì sí onídìrí kankan nítòsí, àfi kéèyàn rin ogójì máìlì. Hafsah máa ń fi ìborí bo irun rẹ̀ lójú ọkùnrin, nítorí náà mo jáde kó tó ṣí i. Mo jókòó sábẹ́ òjìji mọ́tò fún wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá. Lọ́sẹ̀ kejì ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àṣìṣe wá ṣẹlẹ̀. Mọ́pẹ́ kò fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn alàgbà. Lọ́jọ́ Fúráìdé kan, ó di ṣùkú fún ọmọbìnrin méje. Gbogbo rẹ̀ kóra jọ sí àtàrí, ó ga, ó dúró dáadáa. Àwọn ọmọ náà yọ̀, wọ́n ya fọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sájẹ́ńtì Broussard kó wọn dé. Obìnrin ni, ọmọ La Porte nítòsí Houston, ohùn rẹ̀ le. Ó gbé akoto tí wọ́n fi ń jagun lé ọ̀kan nínú wọn lórí. Akoto náà dúró sókè bí ìdérí ìkòkò tí iṣu ti kún jù.

"Ta ló ṣe èyí? Àwọn ọmọ mi ń lọ yin ìbọn lọ́la! Ṣé ọta ìbọn máa ń wo ẹwà ni?"

Mọ́pẹ́ ní, "Èmi ni. Mo ṣẹ̀. Jókòó."

"Èmi?"

"Ìwọ. Orí méje ni ká tú. Ọwọ́ mi kò tó."

Sájẹ́ńtì jókòó. Ó tú irun. Àwọn ọmọ náà ń tú ti ara wọn. Mọ́pẹ́ tún gbogbo rẹ̀ dì ní kọ̀lẹ́sẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ orí pẹ́lẹ́bẹ́ dé ìpàkọ́. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n parí. Akoto wọlé sí orí méjèèje. Nígbà náà ni Sájẹ́ńtì ṣí fìlà tirẹ̀, ó ní, "Tèmi ńkọ́?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mọ́pẹ́ di orí àwọn méje yẹn, ṣùgbọ́n mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré.

Alàgbà Ọlákúnlé gbé fọ́ọ̀mù kalẹ̀. "Ìyá Bíọ́lá, ìtàn dùn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dà?"

Mọ́pẹ́ ní, "Alàgbà, orí ọmọ ọlọ́mọ kì í wà láàárín orúnkún mi kí n má gbàdúrà sí i. Ọmọ tó ń lọ síbi ìbọn! Wọ́n á sọ ti ilé, wọ́n á sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Tí mo bá di ìdì tó kẹ́yìn, mo gbé ọwọ́ lé orí náà, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n á sì ṣe Àmín. Hafsah náà ń ṣe Àmín."

"Gbogbo wọn?" Èmi ni Alàgbà bi.

"Rárá, sà. Ọgọ́ta. Ẹnì kan ti sùn lọ."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Màmá Olúwafúnmiláyọ̀ fi gèlè nu ojú. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé ká padà. Àwọn tó kù nawọ́. Mo kà wọ́n: mọ́kànlá nínú mọ́kànlá.

"Ọdún kan," ni Alàgbà wí. "Bàbá Bíọ́lá, ẹ kọ àdúrà náà sínú fọ́ọ̀mù."

"Kò sí àyè fún un níbẹ̀, sà."

"Ẹ fa ìlà kan sí i!"

Màmá Olúwafúnmiláyọ̀ ní, "Ẹ má tíì lọ o. Oúnjẹ wà. Irun tèmi náà sì nìyí."

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Mọ́pẹ́ wí. "Irun Hafsah ti gbó, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà á sì yẹ irun wọn wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wákàtí mẹ́wàá sì ni ọ̀nà." Ó gba ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù inú abọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dìde, ó jáde lọ.